Ẹ yé fi grep sínú lúùpù
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo rí i pé ọ̀pọ̀ wa ló ń fi while read (lúùpù, ìyẹn àṣẹ tó ń tún iṣẹ́ kan náà ṣe fún ìlà kọ̀ọ̀kan) ka orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí a sì ń pe grep, àṣẹ tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú fáìlì, fún orúkọ kọ̀ọ̀kan. Bí orúkọ bá jẹ́ 5,000, ìgbà 5,000 ni grep máa ka fáìlì ńlá tí a ń wá wọn nínú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ta ló ń lọ sọ́jà lẹ́ẹ̀mẹwàá nítorí ata mẹ́wàá?

Ẹ kó ohun tí ẹ ń wá sínú fáìlì kan, oruko.txt, kí ẹ fi -f tọ́ka sí i; iwe.log ni fáìlì ńlá náà:

grep -F -f oruko.txt iwe.log

Ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa ka iwe.log. -F yẹn ń sọ fún un pé ọ̀rọ̀ lásán ni, kì í ṣe regex (àpẹẹrẹ ọ̀rọ̀ tí àwọn àmì inú rẹ̀ ní ìtumọ̀ àkànṣe), nítorí náà àmì ìdánudúró (.) kò ní dúró fún lẹ́tà mìíràn.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún ìlà òfìfo nínú oruko.txt. Ẹyọ kan ṣoṣo ti tó kí ó da gbogbo iwe.log sí yín lójú. Ó ti ṣe mí rí, mo tiẹ̀ kọ́kọ́ ń yọ̀ pé mo rí gbogbo wọn! Bí fáìlì orúkọ bá sì wá láti Windows, tí ẹ ò rí nǹkan kan, ẹ kọ́kọ́ fi tr -d '\r' fọ̀ ọ́, kí àmì \r tí Windows ń fi sí ìparí ìlà lè kúrò.