Bí a ṣe ń tọ́jú àwo orin ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1950 tí a bá nínú àpótí àwọn bàbá wa

Bí ẹ bá ṣí àpótí bàbá àgbà ní Kàbà tàbí Ìsánlú, tí ẹ sì rí àwo dúdú tó wúwo níbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe sáré gbé e sórí ẹ̀rọ. Àwo yìí kì í ṣe ike: ṣẹ́láàkì ni, ìyẹn oje tí kòkòrò kan ń tú sára igi, tí wọ́n wá pò mọ́ òkúta lílọ̀. Ó le lóòótọ́, ṣùgbọ́n bó bá já bọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ó di àfọ́kù bí abọ́ tánganran.

Ìwé tó wà láàárín rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ níhà méjèèjì. Lẹ́tà WA ṣáájú nọ́ńbà àwo ilé-iṣẹ́ Decca, tàbí JZ lára ti ilé-iṣẹ́ His Master's Voice, ń sọ fún yín pé ọjà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún. Etí náà lè bá yín ṣírò ọdún, nítorí pé bí gáǹgan bá ń dún nínú orin jùjú, tàbí tí gìtá ibẹ̀ jẹ́ ti oníná, ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n kọ ọ́. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 péré ni ìhà kan àwo ínǹṣì 10 ń gbà, ìdí nìyí tí oríkì tí akọrin ìbá kì di ìdájí lójú agbo fi máa ń dá wáí.

Ní ti fífọ̀, omi tútù pẹ̀lú ẹ̀kán ọṣẹ kan àti aṣọ múlọ́múlọ́ ti tó. Ẹ tẹ̀ lé ìlà orin yíká, ẹ má sì jẹ́ kí omi kan ìwé àárín. Èmi fi òwú tí mo rì sínú sípíríìtì nu ọ̀kan nínú ti bàbá mi. Òwú náà dúdú kirikiri, inú mi sì ń dùn pé ìdọ̀tí ń jáde, àṣé àwo fúnra rẹ̀ ló ń yọ́, tó ti ń lẹ̀ mọ́ mi níka.

Abẹ́rẹ́ tí a fi ń gbọ́ àwo ìgbàlódé tín-ín-rín jù, ìsàlẹ̀ ìlà níbi tí ariwo kó sí ló máa ń wọ̀. Ẹ wá èyí tó jẹ́ ìdá 3 nínú 1,000 ínǹṣì, kí ẹ̀rọ sì máa yí ní ìgbà 78 láàárín ìṣẹ́jú kan. Giramafóònù àfọwọ́wáyìn ń jẹ àwo, bó ti wù kó rẹwà tó. Ẹni tí kò bá lè ṣe kó má lò ó gbọ́dọ̀ pààrọ̀ abẹ́rẹ́ irin rẹ̀ fún ìhà kọ̀ọ̀kan. Ẹ gba orin náà sínú kọ̀ǹpútà nígbà àkọ́kọ́ tó bá dún, ní fáìlì WAV (irú èyí tí kì í gé nǹkan kan kúrò nínú ohùn), kí ẹ má sì yọ ariwo kúrò nínú ẹ̀dà ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Ẹ̀dà yìí ni kí ẹ gbé lọ bá àwọn àgbà. Ẹ máa dá a dúró níbi tí akọrin bá ti dárúkọ ènìyàn, kí ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó ń kì, kí ẹ sì kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà àwo. Àwo fúnra rẹ̀ yóò padà sínú àpò ìwé (ìwé alápò púpọ̀ ni wọ́n ń pè ní álíbọ́ọ̀mù kí orúkọ náà tó di ti àkójọ orin), lóòró, kì í ṣe lórí ara wọn, ní yàrá tí ooru páànù kò ti ní ká a mọ́.