Bí Mo Ṣe To Orin Fleetwood Mac, Láti 1967 Dé 1970

Àbúrò mi kan tó ń ta gìtá fún ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ló ní kí n bá òun to orin Fleetwood Mac, ẹgbẹ́ olórin kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jọ. Rumours nìkan ló mọ̀, àwo tí wọ́n gbé jáde ní 1977, tí iye tó tà káàkiri ayé ti lé ní mílíọ̀nù 40. Mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ la ó ti bẹ̀rẹ̀. Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ni ẹgbẹ́ náà ti ń ṣeré kí Rumours tó dé, ohùn tí wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí ayé fi mọ̀ wọ́n. Búlúùsì, orin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, ni wọ́n ń kọ nígbà náà, ní London, Peter Green sì ni olórí wọn. Mo bá pinnu láti to ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ láti 1967 títí di oṣù karùn-ún ọdún 1970 tí Green kúrò, kí n tò ó bí wọ́n ṣe ṣe é tẹ̀ léra, kí n gbọ́ ọ tán, kí n sì ṣa èyí tó yẹ kí ọmọ náà kọ́kọ́ gbọ́.

Ọ̀dọ̀ Santana, onígìtá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, lèmi gbà mọ Green. Ọ̀pọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n wa ló mọ "Black Magic Woman" sí orin Santana, torí òun ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú àwo Abraxas ní 1970. Green ló kọ orin náà, Fleetwood Mac sì ti gbé e jáde ní 1968. Santana yìí kan náà ló mú "Jin-go-lo-ba" ti Babatunde Olatunji, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Badagry, tó fi ṣe "Jingo" nínú àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1969. Ìlù Olatunji ni mo ń tọ̀ lẹ́yìn tí mo fi kan orúkọ Green. Bí ẹ bá gbọ́ "Black Magic Woman" méjèèjì tẹ̀ léra, ẹ ó rí i pé Santana kó kóńgà àti ọ́gáànù sí i títí kò fi sí àyè òfo mọ́. Ti Green kò rí bẹ́ẹ̀. Gìtá á sọ̀rọ̀, á dákẹ́, ìlù á sì máa lọ ní tirẹ̀ lábẹ́.

Kí n má baà ṣi àwo mú ni mo kọ́kọ́ mójú tó. Àwo méjì ló ń jẹ́ Fleetwood Mac lásán: ọ̀kan jáde ní oṣù kejì 1968, èkejì ní 1975 lẹ́yìn tí Lindsey Buckingham àti Stevie Nicks ti dé. Níwájú ti 1968, ajá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa ìdalẹ̀sí nínú ọ̀nà tóóró ni ẹ ó rí. Òun ni kí ẹ mú. Lẹ́yìn náà, ẹ rántí pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé ọjọ́un, orin tí wọ́n bá gbé jáde ní àdáwà kì í sábà wọ inú àwo ńlá. Ìdí nìyẹn tí "Albatross", "Black Magic Woman" àti "Need Your Love So Bad" kò fi sí nínú àwo méjì àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe níbẹ̀. Inú àkójọ kan tó ń jẹ́ The Pious Bird of Good Omen, ti 1969, ni mo ti rí wọn.

Orúkọ ẹgbẹ́ yìí ló wá sọ fún mi bí mo ṣe máa gbọ́ orin wọn. Inú ẹgbẹ́ John Mayall, olórin búlúùsì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ni Green ti wá, níbi tó ti gba ipò Eric Clapton ní 1966. Mick Fleetwood lu ìlù níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, John McVie sì ń ta béèsì. Mayall fi àkókò nínú sítúdíò ta Green lọ́rẹ, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì gba orin kan tí kò lọ́rọ̀ sílẹ̀, Green bá fi orúkọ onílù àti oníbéèsì pè é: Fleetwood Mac. Nígbà tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1967, orúkọ yẹn ló gbé lé e, bẹ́ẹ̀ McVie kò tíì gbà láti wá, torí owó oṣù tó ń gbà lọ́dọ̀ Mayall fi í lọ́kàn balẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ, tí wọ́n kọ́kọ́ jáde sí gbangba ní Windsor, Bob Brunning ló bá wọn ta béèsì. McVie dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Green mọ ohun tó gbé ẹgbẹ́ náà dúró, ó sì yọ orúkọ ara rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń gbọ́ orin kọ̀ọ̀kan: lẹ́ẹ̀kíní, gìtá, lẹ́ẹ̀kejì, earpiece létí, ìlù àti béèsì nìkan.

Àwo àkọ́kọ́ yẹn dé ipò kẹrin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mike Vernon ló bójú tó o fún Blue Horizon, iléeṣẹ́ tó ń gbé àwo wọn jáde, kò sì sí ẹ̀ṣọ́ kankan lára rẹ̀. Bí ẹni pé ẹ wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú wọn ló ṣe ń dún. Jeremy Spencer, onígìtá kejì ẹgbẹ́ náà, ń kọ orin Elmore James, àgbà olórin búlúùsì ọmọ Amẹ́ríkà, ó ń fi slide, ọ̀pá kékeré tí wọ́n ń kì bọ ìka, fa okùn gìtá, Green sì ń kọ tirẹ̀. Ní ti Mr. Wonderful tó tẹ̀ lé e lóṣù kẹjọ ọdún yẹn, mi ò ní purọ́: orin mẹ́rin ibẹ̀ ni Spencer fi ìlà gìtá "Dust My Broom" bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan péré ni mo mú. Àmọ́ ẹ má fo àwo náà. Ẹni tó ń tẹ dùùrù níbẹ̀ ni Christine Perfect, tó wà nínú ẹgbẹ́ Chicken Shack nígbà náà. Òun náà ló fẹ́ McVie lọ́dún yẹn, tó di Christine McVie, tó sì kọ "Don't Stop" sínú Rumours. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí dùùrù wọn láti 1968.

"Albatross" ni mo pẹ́ lórí rẹ̀ jù. Danny Kirwan, ọmọ ọdún 18, ti di ara ẹgbẹ́ nígbà yẹn, ó sì ń ta gìtá tẹ̀ lé Green. Orin náà kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀, síbẹ̀ ó di nọ́ńbà kìn-ín-ní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kìn-ín-ní 1969. Àwọn Beatles fi ẹ̀mí rẹ̀ ṣe "Sun King". Fleetwood fi ọ̀pá tí orí rẹ̀ rọ̀ lu ìlù rẹ̀, ó ń yí wá bí ìgbì, béèsì McVie sì ń lọ, ó ń bọ̀. Mo pe àbúrò mi jókòó, mo ní kó ta á. Láàárín E major àti F-sharp minor ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà, kò sì sí ohun tó ṣòro níbẹ̀ fún ìka ẹni tó mọ gìtá. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì ló ti kọ́ gìtá, níbi tí wọ́n ti máa ń fẹ́ kí olórin kún gbogbo àyè tí akọrin bá fi sílẹ̀. Kí ìlà kan tó tán ló ti ń fi ohùn mẹ́ta mẹ́rin mìíràn há a. Mo ní kó ta ohùn tó kẹ́yìn ìlà, kó gbé ọwọ́ ọ̀tún kúrò lára okùn pátápátá, kó fi ẹsẹ̀ ka ìlù títí ìlà kejì yóò fi dé. Ìgbà tó ṣe bẹ́ẹ̀ ni orin náà jáde.

Láti ibẹ̀, Chicago. Ní oṣù kìn-ín-ní 1969 kan náà, wọ́n wọ sítúdíò Chess, wọ́n sì bá àwọn àgbà tó ni búlúùsì gan-an ṣeré: Willie Dixon, Otis Spann, Walter Horton, Honeyboy Edwards, Buddy Guy. J.T. Brown wà níbẹ̀ pẹ̀lú sasofóònù rẹ̀. Brown ti bá Elmore James ṣiṣẹ́ nígbà ayé rẹ̀, Elmore sì ti kú láti 1963. Ẹ fojú inú wo Spencer, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó fi etí kọ́ gbogbo orin ọkùnrin yìí látinú àwo, tó wá ń kọ ọ́ níṣojú ẹni tó fọn fèrè fún un. Wọn ò gé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá ara wọn sọ láàárín orin kúrò, ìyẹn sì wà lára ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀. Nínú gbogbo iṣẹ́ wọn, èyí ni mo rò pé àwọn olólùfẹ́ Rumours kì í sábà dé rárá, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni a ti mọ ẹni tí wọ́n jogún. Kò pẹ́ sígbà yẹn tí Green, Kirwan àti McVie lọ ta gìtá fún Spann nínú àwo tirẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn. "Man of the World", àwo Then Play On, "Oh Well" tó ní apá méjì, ti àkọ́kọ́ le koko, ti èkejì jẹ́ gìtá jẹ́jẹ́ àti fèrè. "The Green Manalishi" ló kẹ́yìn, ní 1970, Green sì sọ pé owó lòun ń bá wí nínú rẹ̀. Owó tó ń wọlé ń ni ín lára, ó fẹ́ kí wọ́n máa fi tọrẹ. Ó kúrò lóṣù karùn-ún, àìsàn ọpọlọ dè é mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó padà sórí ìtàgé ní àwọn ọdún 1990, ó sì kú ní oṣù keje 2020. Ó dùn mí pé lọ́pọ̀ ibi, ìtàn àìsàn yìí ni wọ́n ń fi ṣáájú, tí orin ọkùnrin náà fi ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Orin kan ṣoṣo ni mo mú látinú Rumours sínú àkójọ náà, "Dreams", mo sì gbé e sẹ́yìn "Albatross" gan-an. Òun náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má kọjá kọ́ọ̀dù méjì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, onílù àti oníbéèsì kan náà ló sì wà lábẹ́ rẹ̀, wọn ò yára, wọn ò fi nǹkan kún un. Àbúrò mi kò dúró kí n ṣàlàyé. Ó dá a padà síbẹ̀rẹ̀, ó ní òun fẹ́ gbọ́ béèsì. Ní báyìí, béèsì John McVie ló ń kọ́, ó sì ti ní kí oníbéèsì ìjọ wa wá gba àkójọ náà lọ́wọ́ mi.