Owó ń lọ, ara ò yí padà: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú eré ìdárayá inú ilé

Ẹní kan, tábìlì onígi tó dúró gbọn-in, báàgì ìléèwé tí ọmọ ò lò mọ́, kẹ́ẹ̀gì omi àti báàgì píọ̀ wọ́tà kan. Gbogbo irinṣẹ́ tí ẹ nílò nìyẹn, ó sì ti wà nílé yín. Síbẹ̀, ọjà ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ sá lọ: bẹ́líìtì tó ń fún ikùn pọ̀, tíì tó ń fọ ọ̀rá, ẹ̀rọ sit-up tí yóò di ibi ìsáṣọ kí oṣù tó parí.

1. Fífi sit-up lé ikùn. Ọ̀rá ikùn kì í lọ nítorí pé ikùn ló ṣiṣẹ́. Iṣan abẹ́ ọ̀rá ni sit-up ń mú le. Ọ̀rá tó bò ó mọ́lẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìgbà tí oúnjẹ bá kéré sí agbára tí ara ń lò ni ara máa ń mú ọ̀rá, ibi tó bá sì wu ara ni yóò ti mú un. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù wé ikùn kí ẹ tó sáré, ọ̀rá ò lè lé ọ̀rá. Òógùn lẹ rí yẹn, omi lásán ni. Bí ẹ bá ti mu omi tán, ìwọ̀n yín ti padà síbi tó wà láàárọ̀. Ní ti tíì, ewé senna ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, oògùn ìyàgbẹ́ sì ni. Ilé ìgbẹ̀ẹ́ lẹ ń sanwó lọ.

2. Press-up àádọ́ta tí kò pé márùn-ún. Èyí ló ń bí mi nínú jù. Ẹnì kan á dọ̀bálẹ̀, á máa mi orí sókè-sódò bí alángbá, ìgbọ̀nwọ́ ò ká dé ìdajì, ìbàdí ti rọ̀ wálẹ̀ bí okùn tí wọ́n sá aṣọ tútù sí, á wá ní òun ṣe àádọ́ta. Alángbá ń ṣe tirẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, àyà rẹ̀ ò tíì yọ.

Bó ṣe yẹ kó rí rèé. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lélẹ̀, kí ó fẹ̀ ju èjìká lọ díẹ̀. Ẹ fún ìdí àti ikùn pọ̀, kí ara gún gbọọrọ láti orí dé gìgísẹ̀. Ẹ má ya apá sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí àgbélébùú. Ẹ jẹ́ kí ìgbọ̀nwọ́ fì sẹ́yìn díẹ̀, kí àlàfo àárín apá àti ìhà tó nǹkan bíi dìgírì 45. Bí apá bá yà tán pátápátá, iwájú èjìká ni ẹrù máa ń kó sí, ibẹ̀ náà ni yóò kọ́kọ́ dùn yín. Ẹ fi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta sọ̀kalẹ̀ títí àyà á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹní, kí ẹ wá ti ara sókè títí apá á fi nà tán. Ẹyọ mẹ́fà irú èyí sàn ju àádọ́ta ti alángbá.

Bí ilẹ̀ bá le jù, ẹ gbé ọwọ́ sórí nǹkan tó ga: ara ògiri, lẹ́yìn náà tábìlì, lẹ́yìn náà ìjókòó onígi tó fara ti ògiri, lẹ́yìn náà àtẹ̀gùn, kí ẹ tó dé ilẹ̀. Bí ọwọ́ bá ṣe ga tó ni ẹrù ṣe ń fúyẹ́ tó. Ibi tí ẹ ti lè ṣe mẹ́jọ tó pé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣe mẹ́jọ, ẹ sinmi ìṣẹ́jú méjì, ẹ tún un ṣe títí yóò fi pé ẹ̀ẹ̀mẹta. Lọ́jọ́ tí ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá di méjìlá-méjìlá, ẹ sọ ọwọ́ kalẹ̀ sí ibi tó kàn. Ẹni tó ti dé ilẹ̀ ńkọ́? Kó gbé báàgì ìléèwé kọ́ ẹ̀yìn. Píọ̀ wọ́tà kan tó jẹ́ 50cl wúwo tó ìdajì kílò, nítorí náà mẹ́rin jẹ́ kílò méjì. Ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì wé wọn kí wọ́n má bàa bẹ́ mọ́ yín lẹ́yìn.

3. Ṣíṣe iwájú, gbígbàgbé ẹ̀yìn. Press-up, sit-up, plank (fífi ìgbọ̀nwọ́ àti ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbé ara ró gbọọrọ láìmira): kò sí èyí tó ń fa nǹkan nínú wọn. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, iwájú á le, ẹ̀yìn á wà bó ṣe wà, èjìká á wá máa tẹ̀ síwájú. Iye ìgbà tí ẹ bá tì ni kí ẹ fà. Kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún tó kún jẹ́ kílò márùn-ún, ti lítà mẹ́wàá jẹ́ mẹ́wàá. Ẹ fi ọwọ́ kan ti ìjókòó, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ̀yìn tẹ́jú, ẹ fa kẹ́ẹ̀gì wá sí ìbàdí, kì í ṣe sí àyà. Bó bá ti rọrùn, ẹ sùn sábẹ́ tábìlì onígi, ẹ di etí rẹ̀ mú, kí ẹ fa àyà lọ bá a. Ẹ má dán an wò lábẹ́ tábìlì onígíláàsì tàbí ti rọ́bà. Àwọn kan ń lo aṣọ ibùsùn: wọ́n á ta á ní kókó, wọ́n á ju kókó náà sí òdìkejì ilẹ̀kùn, wọ́n á wá ti ilẹ̀kùn pa, wọ́n á sì di aṣọ náà mú fa ara wọn. Ó dára, àmọ́ ẹ dúró síbi tí ilẹ̀kùn kì í ti ṣí sọ́dọ̀ yín, kí ẹ sì fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilẹ̀kùn á ṣí, ẹ̀yin á sì balẹ̀.

4. Gìgísẹ̀ tó ń kúrò nílẹ̀ nígbà squat, ìyẹn lílóṣòó kí ẹ tún dìde. Ẹ fi ìdí wá ìjókòó lẹ́yìn, kí orúnkún máa tẹ̀lé ọmọ ìka ẹsẹ̀.

Ẹni tó sanra, tó fẹ́ fi frog jump bẹ̀rẹ̀: ìyà ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi frog jump jẹ wá. Ẹ fi orúnkún sílẹ̀ fún oṣù díẹ̀ ná.

Plank ìṣẹ́jú márùn-ún tí ìbàdí ti wọlẹ̀ láti ìṣẹ́jú kìn-ín-ní. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá tó le tó.

Eré lórí ibùsùn. Fóòmù á rì, ọrùn ọwọ́ á rọ́.

Ṣíṣe é lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ wá sá fún oṣù méjì. Ó kéré tán ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà fi ṣe eré tó ń mú iṣan le. Mọ́ńdè, Wẹ́sìdé àti Fúráìdé dára, nítorí ìgbà ìsinmi ni iṣan ń tún ara rẹ̀ ṣe. Bí ara bá ń ro yín lọ́jọ́ kejì, kì í ṣe àmì pé ẹ ṣe dáadáa. Ohun tí ara ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ lẹ fi kàn án.

Àti mímí! Ẹ mí síta nígbà tí ẹ bá ń tì tàbí tí ẹ bá ń fà. Dídi èémí mú máa ń ti ẹ̀jẹ̀ ríru sókè lójijì, nítorí náà kí ẹni tí dókítà ti ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru padà lọ bá dókítà náà kó tó gbé ẹrù kọ́ ẹ̀yìn.

Bí owó bá ṣì ń yún yín lọ́wọ́ lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ fi ra kíréètì ẹyin kan. Ọgbọ̀n ló wà níbẹ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan sì ní nǹkan bíi gíráàmù mẹ́fà purotéènì.