Kí ẹ tó ra bẹ́líìtì, ẹ wọn iná

Bẹ́líìtì méjì, rọ́bà tó ń yí àwo, ni mo rà lásán kí n tó mọ̀ pé bẹ́líìtì kọ́ ló ń fa ẹ̀rọ àwo orin mi sẹ́yìn. Orin á bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Tó bá pẹ́ díẹ̀, ohùn akọrin á wá dà bí ti ẹni tí oorun ń kùn. Iná tó ń wọlé ni kò tó mọ́.

Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sára àdápítọ̀ yín, àpótí kékeré tó ń sọ iná ògiri di èyí tí ẹ̀rọ lè lò. Bó bá jẹ́ AC (iná tó ń lọ tó ń bọ̀) ló ń gbé jáde, ẹ má fi ti DC (iná tó ń lọ sápá kan ṣoṣo) rọ́pò rẹ̀. Mọ́tò irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń tẹ̀ lé Hz iná, iye ìgbà tó ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan: èyí tí wọ́n ṣe fún 60 Hz, bó bá bọ́ sórí 50 Hz, nǹkan bíi ìgbà 28 ló máa yí ní ìṣẹ́jú kan dípò 33⅓. Kò sí kapásítọ̀ (agolo kékeré inú àdápítọ̀ tó ń tọ́jú iná pamọ́) tó lè wo ìyẹn sàn.

DC volt 12 ni tèmi. Mo fi mítà wọ̀n ọ́n lófìfo, ó kọ 16, mo ní ara rẹ̀ le. Bí mo ṣe ṣi ara mi lọ́nà nìyẹn. Àdápítọ̀ àtijọ́, èyí tó wúwo lọ́wọ́, volt rẹ̀ máa ń ròkè nígbà tí kò gbẹ́rù. Ìgbà tí àwo bá ń yí ni kí ẹ wọ̀n ọ́n. Tèmi já bọ́ sí 9.

Mo wá tú àdápítọ̀ náà wò. Síkúrù ni wọ́n fi dé tèmi. Bó bá jẹ́ gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ tiyín pa, ẹ má fọ́ ọ. Ẹ ra òmíràn tí volt rẹ̀ dọ́gba, tí ampere rẹ̀ (iye iná tó lè gbé) kò dín, tí + àti − ẹnu rẹ̀ kò sì yàtọ̀. Bó bá jẹ́ síkúrù, ẹ yọ àdápítọ̀ kúrò lára ògiri kí ẹ tó tú u. Kapásítọ̀ ṣì lè di iná sínú: ẹ fi resistor 1,000 ohm (ohun kékeré tó ń dín ìṣàn iná kù) kan ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì títí mítà yóò fi sọ̀ kalẹ̀ sí òdo. (Irin lásán lèmi ń fi ṣe é tẹ́lẹ̀, ìró rẹ̀ kọ́ mi lọ́gbọ́n.) Orí kapásítọ̀ tèmi ti wú. Microfarad 1,000, volt 25 ni. Ẹ fi iye microfarad kan náà rọ́pò rẹ̀. Volt lè lé, kò gbọdọ̀ dín. Ẹsẹ̀ tí ilà wà lápá rẹ̀ ni ti −. Bí ẹ bá gbé e sódì, á bẹ́.

Àtúnṣe tó wù mí jù ni 7812, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kékeré tí kì í jẹ́ kí volt kọjá 12. Ṣùgbọ́n ọ̀jẹun ni: iná tó ń wọ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó bíi volt 15. Bí ẹ bá so ó mọ́ àdápítọ̀ tó ń gbé 12 géérégé, àwo á falẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Tí sípíkà bá ń kùn, ẹ máa gbé àdápítọ̀ kiri. Bí kíkùn náà bá ń yí padà, tíráńsífọ́mà ló sún mọ́ abẹ́rẹ́ jù. Bí kò bá yí padà, ẹ wo wáyà ilẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀rọ kí ẹ tó tún jó lẹ́ẹ̀dì kankan.