Bí Mo Ṣe Fi Kọ́láàjì Mi Ránṣẹ́ sí Ìpàtẹ ní Berlin

Látìgbà tí iṣẹ́ mi ti dé Berlin, ìbéèrè kan náà làwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán ń bi mí ṣáá: báwo lèèyàn ṣe ń rí ìpàtẹ òkè òkun wọ̀? Mo máa ń dá wọn lóhùn, àmọ́ ibẹ̀ kọ́ niṣẹ́ wà. Iṣẹ́ wà lẹ́yìn àwòrán, ó wà nínú gọ́ọ̀mù, ó wà nínú àpótí àtàwọn ìwé tó ń bá àpótí rìn. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn bí mo ṣe ṣe tèmi.

Ìbàdàn ni mò ń gbé, kọ́láàjì sì niṣẹ́ mi. Mo máa ń gé àwòrán, pépà àti àjákù aṣọ, mo máa ń lẹ̀ wọ́n pọ̀ títí wọ́n á fi di nǹkan mìíràn. Kàlẹ́ńdà stáìlì táwọn télọ̀ ń lẹ̀ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù ni mo fẹ́ràn jù, èyí táwọn obìnrin inú rẹ̀ wọ léèsì, tí wọ́n wé gèlè tó ga fíofío. Bí télọ̀ bá ti ra tuntun, dídà ló máa ń da ti àtijọ́ nù. Èmi ni mò ń bá wọn kó o.

Gálárì kékeré kan ní Berlin ló kéde pé àwọn ń wá kọ́láàjì láti ibi gbogbo lágbàáyé. Ohun tí mo kọ́kọ́ wò ni bóyá wọ́n ń gbowó. Owó péréte fún fọ́ọ̀mù lè yé mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wù mí láti san án. Àmọ́ àwọn kan wà tí wọ́n á kọ̀wé sí ọ pé o ti wọlé, oríire ńlá ni, kí o wá san owó ògiri tí wọ́n máa gbé iṣẹ́ rẹ kọ́. Èwo ni ti oríire níbẹ̀? Ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ ra àwòrán ló yẹ kí gálárì ti máa pawó, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó yà á. Àwọn ti Berlin yìí ò gba kọ́bọ̀, ìyẹn ni mo fi gbà láti bá wọn ṣe.

Ohun mìíràn tó fà mí síbẹ̀ ni pé ìlú Hannah Höch ni. Obìnrin Jámánì tí wọ́n bí ní 1889 ni, ó kú ní 1978, ó sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ń gé fọ́tò inú ìwé ìròyìn lẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Láti 1916 títí di 1926, ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé Ullstein ní Berlin ló ti ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Níbẹ̀, ó ń ya bátànì iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àti ti léèsì fáwọn obìnrin tó ń ránṣọ nílé. Nígbà tó yá, bátànì yẹn gan-an ló ń gé mọ́ kọ́láàjì tirẹ̀. Ní 1920, nígbà táwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ọkùnrin inú ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n ń pè ní Dada ṣe ìpàtẹ ńlá ní Berlin, tirẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí mo kà á pé bátànì léèsì ni obìnrin yìí ń gé, mo wo òkìtì kàlẹ́ńdà télọ̀ tó wà níwájú mi, mo rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo kọ sínú àlàyé tí wọ́n ní ká kọ nípa iṣẹ́ wa. Mi ò kọ nǹkan kan nípa awo, mi ò kọ nǹkan kan nípa àwọn baba ńlá tó ń bá mi sọ̀rọ̀ lóru, nítorí wọn ò bá mi sọ̀rọ̀. Ohun tí mò ń ṣe, ibi tí mo ti ń rí i àti bí mo ṣe ń gé e ni mo kọ. Wọ́n mú mi.

Kí n tó gé ohunkóhun, mo béèrè ìwọ̀n férémù tí wọ́n ní nílẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn ní Jámánì, 50 lórí 70 sẹ̀ǹtímítà wọ́pọ̀, kò sí ṣọ́ọ̀bù férémù tí èèyàn ò ti ní rí i. Wọ́n ní àwọn ní púpọ̀. Bí mo ṣe gé pépà mi sí 50 lórí 70 nìyẹn, tí mo sì fi wọ́n ránṣẹ́ láìsí férémù àti láìsí gíláàsì. Gíláàsì tó bá fọ́ lójú ọ̀nà, àwòrán tó yẹ kó dáàbò bò ló máa kọ́kọ́ ya. Yàtọ̀ síyẹn, wíwúwo gíláàsì nìkan tó láti sọ owó ìfiránṣẹ́ di ìlọ́po méjì.

Orí ni mo kọ́kọ́ ń gé kúrò lára àwọn obìnrin inú kàlẹ́ńdà. Ojú ẹni tí mi ò mọ̀ rí, tí kò fún mi láṣẹ, mi ò lè gbé e kọ́ sára ògiri ní ìlú olóyìnbó. Tí orí bá sì ti kúrò, aṣọ nìkan ló máa kù tó ń sọ̀rọ̀: èjìká tó gbé sókè, apá tó wú, ọwọ́ kan tó di báàgì mú bíi pé inú ń bí i. Àjákù léèsì gidi ni mo fi dípò ojú.

Pépà kàlẹ́ńdà àti ti ìwé ìròyìn kì í tọ́jọ́. Igi ni wọ́n lọ̀ ṣe é, ohun tí wọ́n ń pè ní lignin sì wà nínú igi. Bí ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ bá ti ń kàn án, ásíìdì á máa jáde lára rẹ̀, pépà á pọ́n, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rún. Nítorí náà mo ṣe ẹ̀dà èyí tó pọ̀ jù nínú wọn lórí ẹ̀rọ skánà ní 600 dpi, ìyẹn àmì 600 nínú ínǹṣì kan, mo tẹ̀ wọ́n sórí pépà òwú tí kò ní ásíìdì. Àwọn kan wà tí mo lẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, torí pé ìpọ́n yẹn gan-an ló wù mí. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé wọ́n máa yí àwọ̀ padà, kí ẹni tó bá fẹ́ rà á mọ ohun tó ń rà.

Ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù ni mi ò lè sáré kọjá. Gọ́ọ̀mù funfun táwọn káfíńtà ń lò máa ń mú dáadáa, ìmúdáadáa yẹn sì ni wàhálà rẹ̀: bó bá ti gbẹ, kò sẹ́ni tó lè tú u mọ́ láìba pépà jẹ́. Mo lo irú rẹ̀ tí kò ní ásíìdì fún aṣọ nìkan. Fún pépà, mo fẹ́ ohun tí omi díẹ̀ lè tú bí ẹnì kan bá fẹ́ tún iṣẹ́ náà ṣe lẹ́yìn tí mo bá ti lọ. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá aládìrẹ tí mo mọ̀ ní kí n lo láfún tí wọ́n fi ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Láfún dára o, àmọ́ álọ́ọ̀mù wà nínú tiwọn. Lórí aṣọ, kò ṣe nǹkan kan, torí wọ́n á fọ̀ ọ́ dànù lẹ́yìn tí aró bá ti mú. Lórí pépà, ta ló máa fọ̀ ọ́? Ásíìdì inú álọ́ọ̀mù á kàn máa jẹ ẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀ ni.

Ohun táwọn tó ń tún ìwé àtijọ́ ṣe ní mùsíọ́ọ̀mù ń lò ni sítáàṣì àlìkámà, èmi náà sì ṣe é nílé. Mo fi omi díẹ̀ po fúláwà, mo pò ó títí ó fi le, mo wá gbé e sínú omi, mo ń fọwọ́ fọ̀ ọ́. Omi náà funfun, ohun tó kù lọ́wọ́ mi ń fà yọ̀ọ̀. Ìyẹn ò wúlò fún wa. Mo fi asẹ́ sẹ́ omi funfun náà, mo fi í sílẹ̀ kó silẹ̀ mọ́jú bí ìgbà tí a ń ṣe ògì, mo sì rọra da omi orí rẹ̀ nù. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ni mo gbé kaná, tí mò ń rò láìdúró títí ó fi dán. Nígbà tó tutù, mo tún fi asẹ́ sẹ́ ẹ kí kókó má bàa wà níbẹ̀. Ìwọ̀nba tí mo máa lò ni mo máa ń sè, torí ó máa ń tètè kan.

Ìgbà tí èèyàn bá lẹ̀ ẹ́ tán ló tó mọ̀ pé pépà ní agídí. Bí gọ́ọ̀mù bá ti ń gbẹ, ó máa ń fa pépà tó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́ra, iṣẹ́ tó tẹ́jú lánàá á sì ká kò lónìí. Oògùn rẹ̀ wà lẹ́yìn. Mo máa ń lẹ̀ pépà mìíràn mọ́ ẹ̀yìn, irú èyí tó wà níwájú, gọ́ọ̀mù kan náà, kí iwájú àti ẹ̀yìn máa fa ara wọn. Ṣùgbọ́n fọ́nrán inú pépà méjèèjì gbọ́dọ̀ dojú kọ ọ̀nà kan. Láti mọ̀ ọ́n, mo máa ń rọra tẹ pépà náà sí òòró, mo tún máa ń tẹ̀ ẹ́ sí ìbú. Ọ̀nà tó bá ti rọ̀ jù láti tẹ̀ ni fọ́nrán rẹ̀ ń bá lọ. Bí èèyàn bá gbé òòró lé ìbú, kò sí ohun tó máa mú un tẹ́jú mọ́. Lẹ́yìn náà, mo máa ń tò wọ́n sáàárín pépà tó ń fa omi, mo máa ń gbé pátákó lé e, mo sì máa ń gbé ọlọ àti ọmọ ọlọ lé gbogbo rẹ̀ lórí. Àsìkò òjò ni, nítorí náà mò ń pààrọ̀ pépà tó ń fa omi náà láràárọ̀, torí ọ̀rinrin tó wà nínú yàrá Ìbàdàn lóṣù kẹfà kì í ṣeré.

Lẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni mo kọ orúkọ mi, àkọlé, ọdún, ìwọ̀n, ohun tí mo fi ṣe é, àti ọfà tó ń tọ́ka sí òkè. Pẹ́ńsùlù ni mo lò, torí yíǹkì báírò máa ń là kọjá síwájú. Nígbà tí obìnrin tó ń ṣètò ìpàtẹ náà ní kí n fi fọ́tò ránṣẹ́, ti ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ béèrè.

Ó wá kan àpótí. Mo gba ọ̀dọ̀ káfíńtà mi lọ.

“Àǹtí, pákó ọ̀mọ̀ wà nílẹ̀,” ó ní. “Ó gbẹ, kò sì wúwo.”

“Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, púláìwúùdù ni mo fẹ́, àti èyí tí ẹ máa fi mú igun rẹ̀ pàápàá.”

“Kí ló dé? Òyìnbó kì í lo pákó ni?”

“Wọ́n ń lò ó, sà. Kòkòrò inú rẹ̀ ni wọn ò fẹ́.”

Ó wò mí. “Kòkòrò wo ló fẹ́ rí òtútù ibẹ̀ tí kò ní kú?”

Òfin kan wà, ISPM 15 lorúkọ rẹ̀. Pákó gidi tó bá nípọn ju mílímítà 6 lọ, tí wọ́n fi ṣe àpótí ẹrù tó ń lọ sílẹ̀ òkèèrè, wọ́n gbọ́dọ̀ ti pa kòkòrò inú rẹ̀; ọ̀nà tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n yá a nínú iná títí inú rẹ̀ lọ́hùn-ún á fi gbóná dé 56 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ìṣẹ́jú 30, kí wọ́n sì tẹ òǹtẹ̀ sí i. Bí kò bá sí òǹtẹ̀ yẹn, wọ́n lè dá ẹrù padà tàbí kí wọ́n run àpótí. Òfin ò de púláìwúùdù, torí iná àti gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ṣe é látilẹ̀. Nígbà tí mo ṣàlàyé rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mirí, ó ṣe àpótí pẹlẹbẹ kan tó mọ́ tónítóní, ìṣó dídè ló fi dè é, kì í ṣe ìṣó gbígbá, kí wọ́n lè tú u ní Berlin kí wọ́n sì tún dè é padà. Pépà dídán tí kì í lẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fi bo àwòrán kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rá tó ní fùkẹ̀fùkẹ̀ nínú wà níta pátápátá, kò gbọdọ̀ kan iṣẹ́, torí ó máa ń há ọ̀rinrin mọ́ ọn lára.

Ìwé wá kù. Àjọ tó ń bójú tó mùsíọ́ọ̀mù àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Nàìjíríà, NCMM, ló ń fúnni níwèé pé ohun tó wà nínú àpótí kì í ṣe ohun àtijọ́ tí wọ́n fẹ́ kó jáde nílùú. Iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wa tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918 wà lára ohun tí òfin ń ṣọ́. Tèmi ò tíì pé ọdún kan, léèsì rẹ̀ ṣì ń rùn ṣọ́ọ̀bù, síbẹ̀ mo kó fọ́tò gbogbo wọn lọ, mo sì gba ìwé náà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò pọn dandan. Pápákọ̀ òfuurufú kọ́ libi tó yẹ kéèyàn ti máa jiyàn.

Lórí ínfọ́ìsì, mo kọ “collage” gbangba, mo sì kọ nọ́ńbà 9701 sí i. Abẹ́ nọ́ńbà yẹn ni ìwé àwọn aṣọ́bodè kárí ayé to àwòrán ọlọ́wọ́ àti kọ́láàjì sí. Ẹni tó bá kọ “pépà” tàbí “ẹ̀bùn” kàn ń wá ìjọ̀ngbọ̀n ni. Iye tó tó ni mo kọ pẹ̀lú. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kọ dọ́là mẹ́wàá kí owó orí má bàa pọ̀, àmọ́ bí ẹrù bá sọnù, dọ́là mẹ́wàá náà ni abánigbófò máa kà lé mi lọ́wọ́.

Àdéhùn tí èmi àti gálárì fọwọ́ sí sọ pé àwọn ló máa san owó ìdápadà, pé ìdajì owó èyí tó bá tà jẹ́ tiwọn, àti pé ìbánigbófò bẹ̀rẹ̀ látìgbà tí iṣẹ́ bá ti kúrò nílé mi títí á fi padà débẹ̀. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí ò sí nínú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Mo ní kí wọ́n fi sí i, wọ́n fi sí i, kò sí ariwo.

Ọjọ́ tí àpótí débẹ̀, wọ́n tú u níwájú kámẹ́rà kí n lè máa wò ó. Wọ́n yẹ igun kọ̀ọ̀kan wò, wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, wọ́n fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí mi. Iṣẹ́ mẹ́rin ni mo kó lọ. Wọ́n ta méjì. Méjì tó kù padà wá nínú àpótí ẹ̀gbọ́n káfíńtà. Nígbà táwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ní Èkó béèrè owó orí ẹrù tó ń wọlé, mo kó ìwé NCMM àti ínfọ́ìsì tí wọ́n fi jáde sílẹ̀ níwájú wọn, pé ẹrù mi ló padà wálé, mi ò rà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá wọn yẹ̀ wọ́n wò síwá sẹ́yìn, ó bi mí ta ló gé orí àwọn obìnrin wọ̀nyí, ó sì fọwọ́ sí i.