Òṣìṣẹ́ wà lóòrùn: àṣìṣe tó ń sọ owó módẹ́ẹ̀lì orí kámẹ́rà di ti alárinà

Òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tó máa jẹ ẹ́ wà níbòòji. Ìgbàkígbà tí mo bá gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn àgbàlagbà tó ń ṣeré ìbálòpọ̀ níwájú kámẹ́rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti fi jẹun, òwe yìí ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í fẹ́ dárúkọ iṣẹ́ náà rárá, ìtìjú yẹn gan-an ni alárinà sì fi ń ṣọrọ̀. Ó mọ̀ pé ẹni tí òun rẹ́ jẹ kò ní lè fẹjọ́ sun ẹnikẹ́ni. Ẹ fẹ́ràn iṣẹ́ náà o, ẹ kò fẹ́ràn rẹ̀ o, ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ló yẹ kó gbowó.

Orílẹ̀-èdè Kòlóńbíà wà lára ibi tí iṣẹ́ yìí ti gbilẹ̀ jù láyé. Ní Bogotá, Medellín àti Cali, àwọn sítúdíò wà tó ń pèsè yàrá, iná, kámẹ́rà àti íntánẹ́ẹ̀tì fún módẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ẹni tó ń ṣeré náà, tí wọ́n á sì pín nínú owó tó bá wọlé; àwọn ni alárinà tí mò ń sọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, Human Rights Watch, gbé ìròyìn jáde lórí ohun tí ojú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń rí. Ibẹ̀ ni mo ti mú púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ẹ̀yin tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, àṣìṣe tó burú jù ni kí ẹ jẹ́ kí sítúdíò bá yín ṣí àkáǹtì lórí ìkànnì tí òǹwòran ti ń wò yín, kó sì di tirẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́. Ìwé ìdánimọ̀ yín ni wọ́n fi ṣí i, ojú yín ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ aṣínà wà lọ́wọ́ ọ̀gá, àpò ọ̀gá ni owó sì kọ́kọ́ ń wọ̀. Ẹni tó lẹrú ló lẹrù. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ní ẹ ń lọ, gbogbo oníbàárà tí ẹ ti kó jọ á ṣẹ́kù sọ́dọ̀ rẹ̀. Ìròyìn yẹn tiẹ̀ sọ pé àwọn sítúdíò kan máa ń fi ẹlòmíràn sínú àkáǹtì ẹni tó ti lọ. Ẹ rò ó wò: ìwé yín ló ṣí ilẹ̀kùn, ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí ló ń gbabẹ̀ wọlé. Wọ́n lè fi orúkọ yín bo ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 mọ́lẹ̀. Èmi ò lè fojú kékeré wo ìyẹn láéláé. Nọ́ńbà fóònù yín, ímeèlì yín, ọ̀nà ìgbowó tiyín ni kí ẹ fi ṣí i. Tí ẹ bá sì kúrò, ẹ kọ̀wé sí ìkànnì náà fúnra yín pé kí wọ́n tì í pa.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni kí ẹ máa béèrè pé “ìdá mélòó lẹ máa fún mi?” láìbéèrè pé ìdá mélòó nínú kí ni. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Òǹwòran san 100 dọ́là. Àwọn ìkànnì kan ń mú ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní ìdajì ni, ó ku 50. Sítúdíò tó bá mú ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ti kó 35 lọ. Dọ́là 15 ló dé ọwọ́ ẹni tó jókòó síwájú kámẹ́rà mọ́jú. Bí wọ́n bá ní “ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún” fún yín, 15 ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. OnlyFans, ìkànnì tí àwọn èèyàn ti ń ta fọ́tò àti fídíò ara wọn, ń mú ìdá 20 péré nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà kì í ṣe òfin ayé pé ìdajì gbọ́dọ̀ bá ọ̀nà lọ.

Ẹ má fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí wọn kò fún yín ní ẹ̀dà rẹ̀, pàápàá èyí tí kò kọ wákàtí ìsinmi sílẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ kan nínú ìròyìn yẹn sọ pé àwọn ṣiṣẹ́ tó wákàtí 18 láìsinmi, nínú yàrá tí ìdun àti aáyán kún. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹlòmíràn máa bá yín tẹ èsì ránṣẹ́ sí òǹwòran. Ó lè ti gbà lórúkọ yín láti ṣe ohun tí ara yín kọ̀.

Àṣìṣe tó kéré lójú ni àìní ìwé àkọsílẹ̀ tiyín. Lórí ìkànnì Chaturbate, módẹ́ẹ̀lì ń gba sẹ́ǹtì márùn-ún lórí tókìn kan, ìyẹn owó orí ìkànnì tí òǹwòran ń rà láti fi sanwó. Tí iṣẹ́ bá parí, kí ẹ tó wẹ̀, ẹ kọ ọ́: “Ọjọ́rú, aago mẹ́jọ alẹ́ sí aago méjì òru, tókìn 2,400, dọ́là 120.” Bí wọ́n bá mú ìwé wá lópin ọ̀sẹ̀ pé dọ́là 90 ló wọlé lálẹ́ Ọjọ́rú, ẹ ṣí ìwé tiyín níwájú wọn, kí ẹ béèrè 30 tó kù.