Ẹ Má Ha Ara Eyín Titéníọ́mù: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ní In àti Ẹni Tó Ń Bá A Tọ́jú Rẹ̀

Ẹni tí wọ́n ti ri gbòǹgbò eyín àtọwọ́dá tí wọ́n fi titéníọ́mù (irin kan) ṣe mọ́ egungun àgbọ̀n fún ti mọ bí wọ́n ṣe ń fọ eyín, a kò ní kọ́ ọ níbí. Àṣìṣe kan ṣoṣo la wá bá wí: fífi abẹ́rẹ́, ẹnu ọ̀bẹ, eérú tàbí èédú lílọ̀ ha ọrùn eyín náà (ibi tó ti ń gba inú èrìgì jáde) kó lè dán. Àwọn kan á ní, “Irin ni, kí ló lè ṣe é?” Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló ń ba eyín jẹ́.

Titéníọ́mù lè gbé ẹrù, ṣùgbọ́n kò lè fara da ìfararora. Bí nǹkan bá ń ha á, kíá ni ara rẹ̀ ń hó. Awọ ọ́ksáìdì (èyí tí irin náà àti ọ́síjìn para pọ̀ dá) tó bò ó, tí kò nípọn ju nánómítà 2 sí 10 lọ (nánómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà), ni kì í jẹ́ kí ásíìdì ráyè sí i. Bí awọ yìí bá bó, òmíràn a hù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ara irin náà ló fi ń hù ú. Ẹni tó ń bó o lójoojúmọ́ ń jẹ irin náà díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rún rẹ̀ sì ń wọ inú èrìgì.

Apá tó wà nínú egungun, wọ́n fi ìyẹ̀fun líle fẹ́ ẹ, wọ́n tún fi ásíìdì jẹ ẹ́ kó lè rí ṣákaṣàka ní ìwọ̀n màíkírómítà 1 sí 2 (màíkírómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà), kí egungun lè dì í mú. Ìyẹn kò sọ ọ́ di líle o. Apá ọrùn tó gba inú èrìgì jáde ni wọ́n ń mú jọ̀lọ̀, tí kò yẹ kó kọjá màíkírómítà 0.2, bí ẹ bá ti ha á, kòkòrò ti ríbi dì mú nìyẹn.

Àwọn kan máa ń fi titéníọ́mù nítráìdì (àpòpọ̀ titéníọ́mù àti náítírójìn) bo ọrùn yìí. Àwọ̀ wúrà ló ní, ìnípọn rẹ̀ kì í sábà ju màíkírómítà 5 lọ. Lórí ìwọ̀n Vickers, tí wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe le tó, líle rẹ̀ tó nǹkan bí 2,000. Titéníọ́mù tí wọ́n pò mọ́ aluminiọ́mù 6% àti vanadium (irin mìíràn) 4% kò ju nǹkan bí 350 lọ. Ó dára gan-an, ṣùgbọ́n bí abọ́ tánganran ló rí: bí ibì kan bá ti hó, ẹ̀rún líle tó bọ́ lára rẹ̀ á máa ha èyí tó kù. Ẹ bi dókítà yín léèrè èyí tí wọ́n lò fún yín, torí pé iná mànàmáná náà ni wọ́n fi ń sọ awọ ọ́ksáìdì di aláwọ̀ wúrà nígbà mìíràn, kì í sì í le tó bẹ́ẹ̀.

Búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ ni kí ẹ lò, ìṣẹ́jú 2, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Bí nọ́ńbà RDA (ìwọ̀n bí ọṣẹ ṣe ń ha eyín tó) bá wà lára ọṣẹ ìfọyín, kó má ju 70 lọ. Fluoride, èròjà tó ń dáàbò bo eyín, 1,000 sí 1,500 ppm (ìdá nínú mílíọ̀nù kan) inú ọṣẹ lásán kò ní láburú. Jẹ́ẹ̀lì fluoride tó ní ásíìdì, tó tó 12,300 ppm, ni kí ẹ sọ fún dókítà pé kó má fi kàn án, torí pé ó ń jẹ awọ ọ́ksáìdì yẹn. Bí wọ́n bá sì fẹ́ ha ìdọ̀tí líle kúrò, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ pé titéníọ́mù ni. Ike ni kí wọ́n lò, kì í ṣe irin.

Bí eyín náà bá ń mì, ẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Síkúrù tó so orí eyín mọ́ gbòǹgbò rẹ̀ ló sábà máa ń tú, irin méjèèjì á sì máa lọ ara wọn ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń jẹun. Dókítà á fi ohun èlò tó ń wọn agbára dè é dé iye tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ, tó sábà máa ń jẹ́ 30 sí 35 Ncm (ìwọ̀n agbára tí wọ́n fi ń yí síkúrù). Ẹni tó bá ń wa eyín pọ̀ lójú oorun, kó gba ìbòyín alẹ́. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ nílé, ẹ má sì fi ẹ̀mú yí i.